Píkọ́ọ̀pù Tí Yóò Lọ, Tí Yóò Sì Bọ̀: Bí A Ṣe Ń Yan Sìpíríǹgì, Ríìmù àti Táyà Fún Ọ̀nà Jíjìn

Ní gbogbo agbègbè Alímọ̀ṣọ́ yìí, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún, láti Ìdímù dé Ìgàndo, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ti di ọmọ ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Òun ni ó ń kó símẹ́ńtì lọ sí ilẹ̀ tí bàbá ń kọ́lé sí ní Ìjẹ̀gún. Òun ni ìyá fi ń kó ọjà. Nígbà tí ìjọ bá sì fẹ́ lọ wàásù ní ìgbèríko, òun náà ni yóò ru jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àga àti ìbòrí gba Ìyànà-Ìpájà jáde, tí yóò kọjá Sàngó-Ọ̀tà àti Abẹ́òkúta, tí yóò forí lé Ìmẹ̀kọ tàbí Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń béèrè pé, "Kí ni kí a ṣe sí píkọ́ọ̀pù yìí kí ó lè fara da ọ̀nà jíjìn?" Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń gbọ́ ni pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sókè, kí wọ́n wọ táyà gbàǹgbà fún un, kí wọ́n sì ra ríìmù tí ń dán. Ọkọ̀ náà yóò wu ojú rí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wu ojú kọ́ ni ó ń gbé ènìyàn dé ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ní ọjọ́ 6 oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2016, James Ocholi, ẹni tí ó jẹ́ mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè wa, pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. Nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní eré àsápajúdé ni ó mú kí táyà bẹ́. Ilé kan, ọ̀fọ̀ mẹ́ta, ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí táyà bá bẹ́, kì í béèrè ipò ẹni.

Nítorí náà, a ti bá àwọn mẹkáníìkì, àwọn fọ́kánáísà àti àwọn awakọ̀ ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀, a sì fẹ́ to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ fún yín.

ẸRÙ NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ WỌ̀N

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jókòó kí ẹ ṣírò ohun tí ọkọ̀ yín máa ń rù. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù irú Toyota Hilux ni ilé iṣẹ́ ṣe láti ru nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan, èyí ni 1,000 kìlógíráàmù. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àwọn ènìyàn tí ó jókòó nínú ọkọ̀ wà nínú ìṣirò náà.

Àpò símẹ́ńtì kan jẹ́ kìlógíráàmù 50. Ogún àpò ti di tọ́ọ̀nù kan. Lítà omi kan jẹ́ kìlógíráàmù kan, nítorí náà táǹkì omi onílítà 1,000 ti di tọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú. Bí àgbàlagbà márùn-ún bá jókòó sí iwájú àti àárín ọkọ̀, tí a fi kìlógíráàmù 70 ṣírò ẹnì kọ̀ọ̀kan, 350 nìyẹn. Ohun tí ó kù fún ẹ̀yìn kò ju nǹkan bí 650 lọ, èyí ni àpò símẹ́ńtì mẹ́tàlá. Ẹ wá wo iye tí a ń dì sí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ní Ìkòtún lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi ara yín ṣe adájọ́.

Ibi tí a gbé ẹrù sí náà ṣe pàtàkì. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà ní ìparí ẹ̀yìn ọkọ̀, lẹ́yìn ibi tí táyà wà, yóò máa gbé imú ọkọ̀ sókè. Ọwọ́ ìdarí yóò fúyẹ́, bíréèkì iwájú kò sì ní di ilẹ̀ mú dáadáa. Ẹ gbé ohun tí ó wúwo sí ìsàlẹ̀, kí ó sún mọ́ ẹ̀yìn àwọn tí ó jókòó, kí ẹ sì dè é mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kó àwọn ẹgbẹ́ akọrin tàbí àwọn ọmọdé sórí ẹrù. Kò sí bẹ́líìtì níbẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò dá wọn dúró bí ọkọ̀ bá takìtì.

SÌPÍRÍǸGÌ ÀTI ṢỌ́KÙ: IṢẸ́ WỌN YÀTỌ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀kan náà ni sìpíríǹgì àti ṣọ́kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sìpíríǹgì ni ó ń ru ẹrù. Ṣọ́kù ni ó ń dá sìpíríǹgì lẹ́kun kí ó má baà máa fò lọ fò bọ̀.

Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, títí kan Hilux àti Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láyé ìgbà kan, ní sìpíríǹgì tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ tò léra bí ewé. Ewé tí ó gùn jù ni ó di ara ọkọ̀ mú ní ìdí méjèèjì, àwọn kékeré ń ràn án lọ́wọ́ lábẹ́. Bí ẹ bá fi ewé kan kún un, sìpíríǹgì yóò le sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ewé tí ẹ fi kún un kò fi agbára kún bíréèkì, kò fi kún ásù, kò sì fi kún táyà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ kò ní wálẹ̀ mọ́, ojú yóò sì tan yín pé ẹrù náà kò pọ̀, nígbà tí bíréèkì ń jìyà rẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Sìpíríǹgì tí ó le jù máa ń fò nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo. Bí òjò bá rọ̀, tí ẹ sì tẹ bíréèkì ní ojú kòtò, táyà ẹ̀yìn lè kúrò nílẹ̀, kí ìdí ọkọ̀ sì yí sí ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, ẹrù tí ẹ máa ń rù lọ́pọ̀ ìgbà ni kí ẹ fi yan sìpíríǹgì, kì í ṣe ẹrù ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

Bí ẹ bá lọ ra tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ wò ó bí wọ́n bá tẹ̀ dọ́gba. Ẹ nu ìdọ̀tí ibi ihò àárín àti ibi ìdí méjèèjì, nítorí ibẹ̀ ni ó sábà máa ń sán. Ewé tí ó ti sán kì í ṣe ohun tí à ń jó pọ̀. Iná tí wọ́n fi ń jó irin máa ń ba líle rẹ̀ jẹ́, ibẹ̀ gan-an ni yóò sì tún ti ṣẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tún àwọn bóòtù tí ó di sìpíríǹgì mọ́ ásù fún lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, nítorí wọ́n máa ń dẹ̀.

Ní ti ṣọ́kù, òróró ni ó wà nínú rẹ̀, tí ó ń gba ihò kéékèèké kọjá. Bí ọ̀nà bá jẹ́ kòtò léraléra, òróró náà yóò gbóná, yóò sì hó bí ọṣẹ, ṣọ́kù náà kò sì ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ìdí nìyí tí ṣọ́kù tí wọ́n fi gáàsì há inú rẹ̀ fi dára jù fún ọ̀nà jíjìn. Ó máa ń pẹ́ kí òróró rẹ̀ tó hó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ṣọ́kù yín ti kú, ẹ wo ara rẹ̀ bí òróró bá ń jò. Ẹ fi gbogbo agbára tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fò ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ kí ó tó dúró, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní méjì méjì, ọ̀tún àti òsì papọ̀.

ṢÉ DANDAN NI KÍ Ẹ GBÉ ỌKỌ̀ SÓKÈ?

Ojú ọ̀nà inú àdúgbò wa ní ìgbà òjò lè mú kí ènìyàn fẹ́ ọkọ̀ tí ó ga. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń rọrùn fún un láti yí dànù. Bí a bá tún wá di ẹrù lé orí rẹ̀, ọ̀rọ̀ burú sí i. Gíga ínṣì méjì, èyí ni nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, okùn bíréèkì lè kúrú jù, ṣáàfù tí ń yí táyà yóò sì wọ́ jù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi igi tàbí irin àlòkù há abẹ́ sìpíríǹgì láti gbé ọkọ̀ yín sókè, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Bí ẹ bá sì gbé e sókè pẹ́nrẹ́n, ẹ gbọdọ̀ ṣe àláímẹ́ǹtì lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà tuntun yóò jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan.

RÍÌMÙ: ONÍRIN TÀBÍ ÈYÍ TÍ Ń DÁN?

Ríìmù onírin kò lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jìn sí kòtò ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn, yóò tẹ̀ ni, fọ́kánáísà abúlé sì lè lù ú padà kí ẹ lè dé ibi tí ẹ ń lọ. Ríìmù álọ́ọ̀yì tí ń dán fúyẹ́, ó sì dára ní ọ̀nà ọ̀dà, ṣùgbọ́n bí ó bá gba ìgbá líle, ó lè sán. Fún ọkọ̀ tí ó ń ru ẹrù lọ sí ìgbèríko, onírin ni àwa yóò yàn.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò. Èkíní ni iye ihò àti bí wọ́n ṣe jìnnà síra. Ọ̀pọ̀ Hilux ní ihò mẹ́fà, tí òbìrí wọn jẹ́ mìlímítà 139.7. Ríìmù tí ihò rẹ̀ fẹ́ bá a mu kò bá a mu. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù fi ipá wọ̀ ọ́. Èkejì ni bí ríìmù ṣe yọ síta tó. Bí ó bá yọ síta jù, yóò máa fa bẹ́árìn-ìn, táyà yóò sì máa ha ara ọkọ̀. Ẹ̀kẹta ni nọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì ríìmù onírin àti ti álọ́ọ̀yì kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí ẹnu wọn yàtọ̀. Bí ẹ bá fi ti èkíní di èkejì, ó lè tú lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọ ríìmù, ẹ tún nọ́ọ̀tì fún lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 100.

Ẹ KA OHUN TÍ Ó WÀ LÁRA TÁYÀ

Táyà dà bí ìwé. Ohun gbogbo tí ẹ ní láti mọ̀ ni wọ́n ti kọ sí i lára. Bí ẹ bá rí 225/70R15C 112/110R, ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí: 225 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 70 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí ni ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà. R fi hàn pé táyà rédíàlì ni. 15 ni ìwọ̀n ríìmù rẹ̀ ní ínṣì. C sọ pé táyà akẹ́rù ni. R tí ó wà ní ìparí sọ pé eré rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kìlómítà 170 ní wákàtí kan.

Nọ́ńbà 112 ni a fẹ́ kí ẹ fi ojú sí jù. Òun ni ó sọ ìwúwo tí táyà náà lè rù. 112 dúró fún kìlógíráàmù 1,120. Ṣùgbọ́n táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lè ní 100 lára, 800 kìlógíráàmù péré sì ni ìyẹn. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 320 lórí táyà kan, èyí tí ó ju àpò símẹ́ńtì mẹ́fà lọ. Olówó pọ́ọ́kú ni ẹni tí ń tà á yóò kọ́kọ́ nà sí yín. Ẹ ka nọ́ńbà náà kí ẹ tó sanwó.

Ní ti ojú táyà, oríṣi mẹ́ta ni ó wà. Èyí tí wọ́n kọ H/T sí wà fún ọ̀nà ọ̀dà. Èyí tí wọ́n kọ A/T sí wà fún ọ̀dà àti ilẹ̀ papọ̀. Èyí tí wọ́n kọ M/T sí, tí ojú rẹ̀ rí págunpàgun, wà fún ẹrẹ̀. M/T yìí ni àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ó ń pariwo, ó ń mu epo, kì í sì í tètè dúró lórí ọ̀dà tí òjò ti rọ̀ sí. Ẹni tí ó ń gba márosẹ̀ lọ tí ó wá ya sí ọ̀nà abúlé ní ìparí, A/T ni ó yẹ ẹ́.

Ẹ má sì kàn fẹ́ táyà tí ó tóbi. Bí ẹ bá yọ 225/70R15, tí ẹ fi 265/75R15 sí i, òbìrí táyà yóò kúrò ní nǹkan bíi mìlímítà 696, yóò di 778. Nígbà tí aago ọkọ̀ bá ń sọ fún yín pé 100 ni ẹ ń sá, 112 ni ẹ ń sá ní tòótọ́. 100 sì ni òfin gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní márosẹ̀. Bíréèkì pẹ̀lú yóò ní láti ṣiṣẹ́ ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ.

ỌJỌ́ ORÍ TÁYÀ ÀTI Ọ̀RỌ̀ TÒKUNBỌ̀

Nígbà kan, a ń ṣe táyà ní ilẹ̀ wa. Michelin wà ní Port Harcourt, Dunlop sì wà níhìn-ín ní Ìkẹjà. Ní ọdún 2007 àti 2008 ni àwọn méjèèjì ṣíwọ́ ṣíṣe táyà. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ táyà tí a ń lò ti ń wá, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò tì.

Àjọ SON, tí ó ń ṣọ́ ojúlówó ọjà, ti gba ọ̀pọ̀ táyà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí ó ki táyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin bọ inú ara wọn kí owó ọkọ̀ ojú omi lè dínkù. Bí wọ́n bá ti fún táyà pọ̀ báyìí, wáyà inú rẹ̀ ti ṣẹ́ tàbí kí ó ti wọ́. Wọn yóò nà án, yóò sì máa dán bí tuntun. Ojú ọ̀nà ni yóò ti tú àṣírí.

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó parí rẹ̀ ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí nọ́ńbà ìparí náà bá jẹ́ mẹ́ta péré, a ti ṣe táyà náà kí ọdún 2000 tó dé. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án. Àjọ FRSC ti ń kìlọ̀ fún awakọ̀ tipẹ́ pé kí wọ́n má lo táyà tí ó ti ju ọdún mẹ́rin lọ. Rọ́bà ń gbó bí ènìyàn ṣe ń gbó, àní bí a kò bá tilẹ̀ lò ó. Nítorí náà, ẹ yẹ táyà ìpamọ́ tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ wò pẹ̀lú. Òun ni a máa ń gbàgbé.

Nínú ojú táyà, ẹ ó rí ibi kéékèèké tí ó ga díẹ̀. Bí táyà bá ti jẹ dé ibẹ̀, ó ku mìlímítà 1.6 péré, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn.

AFẸ́FẸ́ TÍ KÒ NÁ YÍN LÓWÓ PÚPỌ̀

Ohun tí ó ń pa táyà jù lọ ni afẹ́fẹ́ tí kò tó. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bí ó ṣe ń yí. Bí ó ti ń rọ̀ ni ó ń gbóná. Bí ẹrù bá pọ̀, tí eré pọ̀, tí oòrùn sì mú, yóò bẹ́. Ẹ wo ìwé tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Iye afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ fẹ́ nígbà tí ó ṣófo àti nígbà tí ó ru ẹrù ni ó wà níbẹ̀. Ẹ ra géèjì tiyín, nítorí èyí tí ó wà lọ́wọ́ fọ́kánáísà ti lè máa parọ́. Òwúrọ̀ kùtù, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n lójú ọ̀nà tí ó sì lé, ooru ni. Ẹ má ṣe yọ ọ́.

Bí ọkọ̀ bá rì sínú iyanrìn, ẹ lè yọ díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ kí táyà lè fẹ̀ sórí ilẹ̀, kí ẹ sì rọra wa ọkọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ gbọdọ̀ fún un padà kí ẹ tó bọ́ sórí ọ̀dà. Nítorí náà, ẹ̀rọ afúntáyà kékeré yẹ kí ó wà nínú ọkọ̀.

BÍ OWÓ KÒ BÁ TÓ ŃKỌ́?

A mọ̀ pé owó kò rọrùn. Bí ẹ kò bá lè ṣe gbogbo rẹ̀, bí ẹ ṣe máa tò ó nìyí: Ẹ kọ́kọ́ tún bíréèkì ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ ra táyà tuntun márùn-ún tí ó lè ru ẹrù yín. Lẹ́yìn náà, ṣọ́kù mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, sìpíríǹgì. Ríìmù tí ń dán ni ó gbẹ̀yìn, kò sì burú bí ẹ kò bá rà á rárá.

A fẹ́ bá àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ sọ èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. A máa ń dáwó ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun, gbogbo ìjọ yóò sì pàtẹ́wọ́, nítorí gbogbo wa ni a ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń pàtẹ́wọ́ fún táyà. Síbẹ̀, táyà ni ó gbé àwọn oníwàásù, akọrin àti ẹ̀rọ náà lọ. A tún máa ń fi òróró yan ọkọ̀ tuntun, a sì ń gbàdúrà lé e lórí. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbàdúrà tán, tí ó wá fi táyà ọdún mẹ́wàá kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ọ̀nà, ìdánwò ni ó ń dán Ọlọ́run wò. Ìgbàgbọ́ kì í lé ọgbọ́n jáde nínú ilé.

Bí awakọ̀ bá sì sọ pé, "Pásítọ̀, táyà yìí kò lè dé Ṣakí," ẹ má ṣe pè é ní aláìnígbàgbọ́. Ẹ sún ìrìn àjò náà síwájú. Àwọn ará Ṣakí yóò dúró dè yín. Àwọn tí ó wà nílé náà ń dúró dè yín, wọ́n sì fẹ́ kí iye tí ó jáde láàárọ̀ jẹ́ iye tí yóò wọlé lálẹ́.

Kí Olúwa má jẹ́ kí a fi ọ̀nà ṣe ilé. Kí ó sì fún wa ní ọgbọ́n láti ṣe ipa tiwa.